Yìnyín Tí A Kó Jọ Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògiri

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé wa ní Accokeek, nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, lé wa lọ́wọ́ ni ẹ̀rù ilé náà ti ń bà mí. Kì í ṣe pé ilé náà kò dára. Ó dára, ó gbòòrò, igi yí i ká, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ tó èyí tí èèyàn lè gbin àgbàdo sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń gbé ilé àyágbé ní Capitol Heights, yìnyín kì í ṣe ẹjọ́ tiwa. Bó bá bọ́, onílé á rán àwọn tí yóò kó o. Àwa á dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, a ó máa ṣàánú àwọn tó ń fi ṣọ́bìrì wà á. Ìgbà tí àwa náà wá di onílé, mo gbójú sókè wo òrùlé, mo rí i pé kò sí ẹni tí mo lè ké sí bí ó bá ya.

Àwọn obìnrin ìjọ wa tún wá dá kún un. Lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí a bá ń wọ kóòtù wa, kò sí ìtàn òtútù tí wọn ò ní sọ. Ọ̀kan ní òun ti ibi iṣẹ́ dé, òun bá àjà pálọ̀ lórí àga, nítorí omi ti dì sínú gọ́tà òrùlé, èyí tó yẹ kó sàn lọ kò rọ́nà, ó wá gba abẹ́ òrùlé wọlé. Òmíràn ní páìpù bẹ́ nínú ògiri òun, omi ń gba ojú iná àjà jáde. Wọn á sọ ọ́ tán, wọn á ní kí n má bẹ̀rù, wọn á wọkọ̀ wọn lọ. Èmi tí n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ẹ̀rù lójú mi, màá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tí mo bá délé, àjà ni màá kọ́kọ́ wò kí n tó bọ́ bàtà.

Àwa mẹ́rin là ń gbé ilé náà lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn. Ọkọ mi jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní DC, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí kì í gbóhùn sókè, kódà bí mo bá ń pariwo mọ́ ọn. Èmi ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n mo wà nílé ní àkókò náà nítorí ọmọ wa obìnrin, tí kò tíì lè jókòó dáadáa. Ìyá mi ló wá láti Ìbàdàn láti bá mi tọ́jú rẹ̀. Ọmọ yìí lè ké! Ebi pa á, ó ké. Ó yó, ó ké. A gbé e, a sọ̀ ọ́, ẹkún ni. Ìyá mi máa ń ní ohùn tí òun fi bí mi náà ni mo fi bí ọmọ, pé kí n má bínú.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé yìnyín ńlá ń bọ̀, mo múra fún un bí ẹni tí ogun ń bọ̀ bá. Mo tú rọ́bà tí a fi ń bomi rin òdòdó kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ omi ìta, mo fi fóòmù bo ẹnu ẹ̀rọ náà. Mo wọ abẹ́ ilé lọ, mo fi fóòmù wé gbogbo páìpù omi tí mo rí. Mo gun àkàbà, mo kó ewé gbígbẹ kúrò nínú gọ́tà, ìyá mi di àkàbà mú nísàlẹ̀, ó ń pe Jésù. Mo ra iyọ̀ tí wọ́n ń dà sílẹ̀ kí yìnyín má baà dì. Mo ṣí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná díẹ̀ kó máa kán tó, tó, tó, nítorí wọ́n ní omi tó bá ń rìn kì í tètè dì nínú páìpù. Ìyá mi ò lè fara dà á kí omi máa ṣòfò lójú òun. Ó lọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó gbé e sábẹ́ rẹ̀, omi yẹn ló sì fi fọ aṣọ ọmọ.

Ohun kan wà tí n kò ronú kàn rárá. Aláàmù kan wà lójú àjà nítòsí ilé ìdáná, èyí tó máa ń ké bí èéfín tàbí afẹ́fẹ́ burúkú bá wà nínú ilé. Gbogbo ìgbà tí ìyá mi bá ti da ata sínú epo gbígbóná, aláàmù yìí á bẹ̀rẹ̀ sí han gooro, ọmọ á ta jí, òun náà á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìyá mi á máa fi ìborùn fẹ́ ẹ bí ẹni ń lé adìyẹ. Lọ́jọ́ kan inú bí mi, mo gun àga, mo tú u sílẹ̀, mo yọ bátìrì rẹ̀, mo kó bátìrì náà sínú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n tó ti kú, mo sì ju aláàmù sínú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn ike gààrí. Ọkọ mi ní òun á wá ibòmíràn gbé e kọ́. Kò rí àyè. Kí ẹnikẹ́ni má fi mí ṣẹ̀sín, nítorí mo mọ ilé àwọn èèyàn wa ní Fort Washington tí tiwọn náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù báyìí, ata díndín ló lé e dé ibẹ̀.

Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn ní kí àwọn òṣìṣẹ́ wá pẹ̀lú aṣọ, nítorí ẹni tó bá délé lè má rí ọ̀nà padà. Ọkọ mi di aṣọ àti ìrẹsì sínú báàgì, ó kí ìyá mi, ó fẹnu ko ọmọ lórí, ó lọ. Ilẹ̀ mọ́, a ò rí ilẹ̀ mọ́. Gbogbo àgbàlá funfun, mọ́tò mi di òkìtì, òjò wínníwínní kan sì ń rọ̀ sórí yìnyín náà, ó ń dì bó ṣe ń bọ́. Omi dídì so rọ̀ létí òrùlé, ó gùn, ó mú ṣóṣóró. Mo dúró ní pálọ̀, mo ń tẹ́tí sí òrùlé. Ó ń dún kẹ̀kẹ̀. 

Mo sọ fún ìyá mi pé ká kó ti ojú ọ̀nà mọ́tò kó tó di òkúta, pé bí ohunkóhun bá ṣe ọmọ, ó yẹ kí mọ́tò lè jáde. Ìyá mi wọ kóòtù ọkọ mi, ó ró ìró lé ṣòkòtò, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ lé ìbọ̀sẹ̀. A fi ọmọ sínú àga rẹ̀ níbi fèrèsé tí a ti lè máa rí i, ó sì ń fi ẹkún sìn wá jáde.

Ọ̀nà mọ́tò wa gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá. Ògiri wa wà lápá kan, koríko bàbá aládùúgbò wa wà lápá kejì. Aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni bàbá náà, ó ti fẹ̀yìn tì, òun nìkan ló ń gbé. Mo wa ṣọ́bìrì àkọ́kọ́, mo dà á sórí koríko níbẹ̀ yẹn.

Ìyá mi kígbe. "Kí lò ń ṣe yẹn? Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Mọ́mì, yìnyín lásán ni. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń dà á sí."

"Yìnyín àbí ìdọ̀tí, ilé ẹ ló ti wá. Wàá gbá ti ojúlé ẹ sí ojúlé ẹlòmíì? Àgbàlagbà tí ò ní ìyàwó, tí ò ní ọmọ lọ́dọ̀? Ìjà lò ń wá. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Ní agboolé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, bí obìnrin bá gbálẹ̀ láàárọ̀, kò gbọdọ̀ gbá a kọjá ààlà, kò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ káàkiri àgbàlá. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ara rẹ̀ ni yóò kó o jọ sí, títí yóò fi kó o dànù. Wọ́n ti torí ìgbálẹ̀ bára wọn jà lójú rẹ̀ rí, tí wọn ò sì bára wọn sọ̀rọ̀ títí ọ̀kan fi kú. Èmi náà kò ní agbára àríyànjiyàn. Ẹ̀gbẹ́ ògiri wa ni a kó gbogbo rẹ̀ sí. Bí mo ṣe ń wà á, ó ń tò ó, ó ń fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì gbá a mọ́lẹ̀ bí ẹni ń kọ ebè, ó sì ga dé ìgbáròkó mi, ó dán, ó gún régé láti igun ilé dé igun ilé. Orí mi wú. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọkọ mi, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀.

A wọlé, a mu tíì, a fún ọmọ ní oúnjẹ. Mo wá gbé iná tọ́ọ̀ṣì, mo bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti yàrá dé yàrá, mo ń tan iná sí àjà, mo ń wá ibi tí omi ti wọlé. Mo fọwọ́ pa ògiri, mo fetí sí páìpù. Gbogbo rẹ̀ gbẹ. Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ mi, mo sọ pé iṣẹ́ ṣọ́bìrì ni. Ìyá mi ní èébì ń gbé òun, pé òtútù ti wọ òun lára. Ó bì lẹ́ẹ̀kan nínú báfù, ó ní ó ti tán, ó wá dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn ní pálọ̀, ó gbé ọmọ sí àyà. Mo yí hítà, ẹ̀rọ onígáàsì tó ń mú gbogbo ilé gbóná, sókè kí ara rẹ̀ lè móoru. Mo lo oògùn ẹ̀fọ́rí, mo jókòó tì wọ́n, mo gbójú sókè, mo ń ṣọ́ àjà.

Ọmọ dákẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti bí i, ó dákẹ́ lọ́sàn-án gangan, ilé sì tòrò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un. Mo rántí pé mo fi ẹnu ara mi dúpẹ́.

Fóònù ló jí mi. N kò mọ̀ pé mo ti sùn. Ọkọ mi ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè jókòó jẹun.

Ó ní, "Mo rí picture yẹn. Mọ́mì gbìyànjú o. Àmọ́, àwọn páìpù funfun méjì yẹn dà?"

Mo ní, "Páìpù wo? Mo ti fi fóòmù wé gbogbo páìpù."

"Rárá, àwọn tó wà lára ògiri níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ driveway. Ibẹ̀ ni heater ti ń mí. Mi ò rí wọn nínú picture."

"Wọ́n á wà lábẹ́ snow náà. Kò sí nǹkan tó máa ṣe wọ́n."

Mo ń gbọ́ ariwo ilé ìwòsàn lẹ́yìn rẹ̀, ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní, "Báwo ni ara yín?"

"Orí ń fọ́ mi. Mọ́mì bì, wọ́n ń sùn."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Òun náà ń sùn."

"Láti ìgbà wo?"

Mo wo ojú fèrèsé. Ọ̀sán ti ń rọ̀. 

"Aláàmù yẹn ńkọ́? Kò ké?"

"Èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù?"

Ọkọ mi, tí kì í gbóhùn sókè, pariwo débi pé mo gbé fóònù kúrò létí. "Ẹ jáde! Get out! Carbon monoxide ni! Gbé ọmọ, jí Mọ́mì, ẹ jáde nínú ilé yẹn kíá! Má wá bàtà!"

Èéfín hítà ni, èyí tí kì í rùn, tí ojú kì í rí. A ti dí ihò imú rẹ̀ pa pẹ̀lú yìnyín, ó sì ń mí sínú ilé lé wa lórí. Mo dìde, ẹsẹ̀ mi ò gbà mí, mo fi orúnkún lulẹ̀. Mo rákò dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo gbé ọmọ kúrò láyà ìyá mi, orí rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn. Mo pè é. Mo gbá a ní àtẹ́lẹsẹ̀. Kò ké.  

Mo gbá ìyá mi létí, ìyá tó bí mi. Ó la ojú díẹ̀, ó ní, "Jẹ́ n sùn díẹ̀, jọ̀ọ́," ó sì tún pa ojú dé. Ìyá mi kì í ṣe èèyàn tínínrín. N kò lè fi ọwọ́ kan gbé ọmọ kí n fi èkejì wọ́ ọ. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn kò jọ ti òrùlé. Bí mo bá gbé ọmọ jáde, ṣé màá bá ìyá mi láàyè? Bí mo bá kọ́kọ́ wọ́ ìyá mi, ọmọ ńkọ́?

Mo já ìró nídìí ìyá mi, mo sọ ọmọ sẹ́yìn, mo pọ̀n ọ́n. Mo so ó le. Mo wá ki ìyá mi lábẹ́ abíyá méjèèjì, mo ń fà á lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo ń fẹ̀yìn rìn, mo ń rántí pé ọmọ wà níbi tí mo ń fẹ̀yìn lọ, kí n má lọ fi í gbá ògiri. N kò rí ojú rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó ń mí. Ó kàn wúwo lẹ́yìn mi ni, kò mira. Mo ń pè é ní oríkì rẹ̀, mo ń bú u, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ké, kó ké kí gbogbo Accokeek gbọ́.

Mo nawọ́ ṣí ilẹ̀kùn, a ṣubú síta lórí yìnyín, èmi àti ìyá mi. Òtútù tí mo ti ń sá fún láti ìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà fẹ́ lù wá lójú, ó wọ abẹ́ ìró, ó kan ọmọ lára. Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi, kékeré, bí ìgbà tí ológbò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ké. Ó dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá la ẹnu, ó han.

Mo jókòó sínú yìnyín láìwọ bàtà, mo gbé orí ìyá mi lé itan, mo bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ẹkún ọmọ yẹn ló mú bàbá aládùúgbò wa jáde. Ó rìn wá, ó ń yọ̀, ó ń gbá igi mú, ó sì bá mi gbé ìyá mi wọ ilé rẹ̀. Òun ló pe àwọn panápaná. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé nítorí ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọ́n dé, wọ́n fi ẹ̀rọ sí wa lẹ́nu, wọ́n wọ ilé wa lọ, wọ́n pa hítà. Láti ojú fèrèsé bàbá náà ni mo ti rí wọn tí wọ́n ń wú ebè tí ìyá mi kọ. Àwọn páìpù méjèèjì yọ jáde lára ògiri, wọn ò ga ju orúnkún lọ. Mo ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láìmọye ìgbà.

Wọ́n gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fi ọ́síjìn sí wa nímú, ọmọ náà ní tirẹ̀, ó bo gbogbo ojú rẹ̀ tán. Ilẹ̀ ti mọ́ kí ọkọ mi tó rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wa. Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó kúnlẹ̀ sáàárín ibùsùn wa. Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Èmi ni mo kó o síbẹ̀. Mo ní kí n má gbá a sí ojúlé ẹnìkan." Ọkọ mi ní, "Mọ́mì, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀," ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí a padà délé, mo sọ ìdí tí ìyá mi kò fi fẹ́ ká da yìnyín sórí koríko bàbá aládùúgbò wa fún un. Ó ní kí n sọ fún ìyá mi pé koríko lásán ni, omi lásán sì ni, bí oòrùn bá ràn, kò ní sí níbẹ̀ mọ́.

Ìyá mi padà sí Ìbàdàn kí ooru tó dé. Títí tó fi lọ, kò tún gbé ọmọ sí àyà sùn mọ́. Bí ọmọ bá sùn, á jókòó tì í, á máa wo ikùn rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò.

Òrùlé wa kò jò rí. Páìpù omi kankan kò bẹ́. Àwọn àgbà ní ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀ lọ. Ní báyìí, mo ti so aṣọ pupa mọ́ páìpù hítà méjèèjì, bí yìnyín bá bọ́, ìdí wọn ni màá kọ́kọ́ gbẹ́, kódà kí n tó wo mọ́tò. Orí koríko bàbá náà ni mo ń da yìnyín sí. Bó bá rí mi lójú fèrèsé, á juwọ́ sí mi. Síbẹ̀ ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ọmọ náà ti ń sáré káàkiri ilé báyìí, ṣùgbọ́n bó bá sùn pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, màá lọ fi ọwọ́ sí i nímú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń dín ata, ìyá mi wà lórí fóònù, mo gbé fóònù náà ti ike gààrí kó lè máa rí mi. Èéfín gòkè, aláàmù, tí ọkọ mi ti gbé padà síbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí han gooro lójú àjà. Ọmọ fi ọwọ́ di etí, ó ń pariwo. Mo ṣí ìborùn lórí, mo fẹ́ lọ fi fẹ́ aláàmù kó dákẹ́, kí n lè gbọ́ ohun tí ìyá mi ń sọ.

Ìyá mi ní, "Fi í sílẹ̀."

"Mọ́mì, mi ò gbọ́ yín dáadáa."

Ó sún mọ́ fóònù. "Mo ní kó o fi í sílẹ̀. Jẹ́ kó máa ké."

Mo pa iná ìdáná, mo gbé ọmọ lé ìbàdí, a sì dúró níbẹ̀, ìyá mi ní Ìbàdàn, àwa ní Accokeek, a ń gbọ́ ọ títí ó fi dákẹ́ fúnra rẹ̀.